Síìmù Ilé-iṣẹ́ Tó Ni Òpó Tàbí Síìmù Alágbàtà: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Ń Gbé ní Ìlú Ọba

Ní òpópónà Rye Lane ní Peckham, ó ṣòro kí èèyàn kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù fóònù mélòó kan láìrí àkọlé Lebara tàbí ti Lycamobile lára gíláàsì wọn, bẹ́ẹ̀ ni Tesco náà ń ta síìmù tó fi orúkọ ara rẹ̀ pè nínú ilé ìtajà kan náà tó ti ń ta búrẹ́dì àti wàrà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa tó ti pẹ́ ní Ìlú Ọba ṣì gbà pé EE, O2, Vodafone àti Three nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì gidi, pé àwọn yòókù wà fún akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí kò tíì ríṣẹ́. Mi ò fara mọ́ ọn. Ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra síìmù kọ́kọ́ mọ̀ ni òpó tí síìmù náà yóò máa lò ní àdúgbò rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ó tó wo orúkọ tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, nítorí òpó ló ń gbé ìpè, orúkọ kì í gbé e.

Ta ló ni òpó, ta ló ń tajà lórí rẹ̀?

EE jẹ́ ti BT. O2 wà lábẹ́ Virgin Media O2. Vodafone àti Three di ọ̀kan ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2025 lábẹ́ ilé-iṣẹ́ VodafoneThree, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì ń ta síìmù lórúkọ méjèèjì. Àwọn wọ̀nyí ló gba àṣẹ lórí ìgbì afẹ́fẹ́, àwọn ló sì ń ná owó lórí òpó àti ẹ̀rọ. Alágbàtà kò ní òpó: ó ń ra ìṣẹ́jú ìpè àti dátà ní ọ̀pọ̀ yanturu lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, ó sì ń tún un tà fún wa ní wẹ́wẹ́, bí ìyálọ́jà tó kó gàrí ní àpò-àpò dé Bódìjà ṣe ń fi kóńgò wọ̀n ọ́n. Virgin Mobile ló kọ́kọ́ gbé irú òwò yìí jáde ní Bírítéènì ní ọdún 1999, lórí òpó One2One, èyí tó padà di T-Mobile kí ó tó di ara EE.

Lónìí, giffgaff, Tesco Mobile àti Sky Mobile wà lórí òpó O2. VOXI, Lebara, Talkmobile àti Asda Mobile wà lórí ti Vodafone, SMARTY àti iD Mobile wà lórí ti Three, Lycamobile àti 1pMobile sì wà lórí ti EE. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo àwọn orúkọ wọ̀nyí yóò rí i pé wọn kì í ṣe irú kan náà. Ọmọ bíbí inú ni giffgaff jẹ́ fún O2, bẹ́ẹ̀ ni VOXI rí sí Vodafone, tí SMARTY sì rí sí Three; ilé-iṣẹ́ ńlá fúnra rẹ̀ ló fi orúkọ mìíràn pe ọjà rẹ̀ kí ó lè rí ẹni tí kò fẹ́ san owó orúkọ ńlá mú. Tesco àti Sky jẹ́ oníṣòwò tó ti ní oníbàárà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n wá fi síìmù kún ohun tí wọ́n ń tà. Lebara àti Lycamobile ní tiwọn, nítorí àwa tí ẹbí wa wà lókè òkun ni wọ́n ṣe dá wọn sílẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìsọ̀rí mẹ́ta yìí ni yóò sọ irú ìtọ́jú tí ẹ óò rí gbà, ju pé bóyá ilé-iṣẹ́ náà ní òpó tàbí kò ní lọ.

Bí síìmù ṣe ń mú

Bí ọkọ bá ń lo O2, tí ìyàwó sì ń lo giffgaff nínú yàrá kan náà, òpó kan náà ni fóònù méjèèjì ń bá sọ̀rọ̀. Ibi tí O2 kò bá ti mú, kí ẹnikẹ́ni má retí pé giffgaff tàbí Tesco Mobile yóò mú níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn pé “Lebara ò dáa”, tí ẹni tó ń gbé ní Manchester bá fún ẹni tó ń gbé ní Woolwich, kò fi wúlò: ohun tó ṣeé ṣe kí ó máa sọ láìmọ̀ ni pé Vodafone kò mú dáadáa ní àdúgbò tirẹ̀. Ofcom, àjọ tó ń ṣe àbójútó ìbánisọ̀rọ̀ ní Bírítéènì, ní ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ lè tẹ postcode yín sí, tí yóò sì fi bí òpó kọ̀ọ̀kan ṣe mú tó hàn yín. Ẹ wo ti ilé, ẹ wo ti ibi iṣẹ́, kí ẹ sì wo ti ṣọ́ọ̀ṣì yín pẹ̀lú, pàápàá tí ó bá jẹ́ irú èyí tó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí onípáànù bíi ti Old Kent Road, nítorí páànù máa ń dí ìgbì lọ́wọ́, àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì kò sì mọ irú òrùlé tó wà lórí yín.

Alágbàtà ló rọrùn jù lọ láti fi dán òpó wò. Ẹni tó ń rò ó bóyá kí òun bá O2 ṣe àdéhùn ọdún méjì lè kọ́kọ́ gba síìmù giffgaff, tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sílé lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó san owó oṣù kan, kí ó sì máa gbé e káàkiri. Tí kò bá mú ní ibùdókọ̀ ojú irin tó ń wọ̀ lójoojúmọ́, owó oṣù kan péré ló bá a lọ.

Ibì kan wà tí fóònù fúnra rẹ̀ ti lè da ìfiwéra yìí rú. EE àti Vodafone pa 3G wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, Three tẹ̀ lé wọn, O2 sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa tirẹ̀ ní 2025. Láti ìgbà náà, ìpè ohùn gbọ́dọ̀ gba orí 4G kọjá, èyí tí wọ́n ń pè ní VoLTE, tàbí kí ó padà sórí 2G. Three kò sì ní 2G tirẹ̀ rí. Ẹni tó gbé fóònù tó rà ní Computer Village ní Ìkẹjà wá, tí fóònù náà kò sì sí lára àwọn tí nẹ́tíwọ̀kì ibí fọwọ́ sí fún VoLTE, lè fi síìmù SMARTY tàbí iD Mobile sí i, kí dátà máa lọ geere, kí WhatsApp máa wọlé, ṣùgbọ́n kí ìpè gidi kọ̀ láti lọ. Yóò máa bú alágbàtà nígbà tó jẹ́ pé síìmù Three gan-an kì bá tí ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wá orúkọ fóònù yín lórí àkọsílẹ̀ tí alágbàtà náà gbé síta fún VoLTE àti fún ìpè orí Wi-Fi. Ìpè orí Wi-Fi yìí kì í ṣe ohun afẹ́ fún ẹni tó ń gbé ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sí ọ̀nà mìíràn tí ìpè lè gbà dé ibẹ̀.

Owó oṣù kan àti àdéhùn oṣù 24

Àwọn tó ni òpó fẹ́ràn àdéhùn oṣù 24, pàápàá èyí tí fóònù bá wà nínú rẹ̀. Wọn yóò yẹ ìtàn ìyáwó àti ìsanwó yín wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní Heathrow kò sì ní ìtàn kankan tí wọ́n lè yẹ̀ wò, èyí tó fi jẹ́ pé wọ́n lè kọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé ó jẹ gbèsè rí. giffgaff, SMARTY, VOXI àti Lebara ń ta síìmù olóṣù kan tí kò nílò àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀: ẹ san owó, ẹ lò ó, kí ẹ sì dá a dúró nígbà tó bá wù yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní èyí tí owó rẹ̀ kò tó £10 lóṣù, tí dátà rẹ̀ sì tó fún ẹni tó ní Wi-Fi nílé.

Ọ̀rọ̀ owó tó ń gòkè láàárín àdéhùn tún wà níbẹ̀. Ó ti mọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá lára láti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé owó yóò máa lọ sókè lọ́dọọdún bí ọ̀wọ́n gógó bá ṣe rí, pẹ̀lú èlé díẹ̀ lórí rẹ̀. Ofcom fòfin de èyí fún àdéhùn tuntun láti ọjọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 2025. Bí owó yóò bá gòkè, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ iye rẹ̀ ní pọ́n-ùn àti pẹ́ńsì kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹ kíyè sí i pé òfin náà kò ní kí wọ́n má fi owó kún owó, ó kàn ní kí wọ́n sọ ọ́ síta ni. Alágbàtà olóṣù kan náà lè fi owó kún ọjà rẹ̀ nígbàkigbà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lè fi í sílẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, ìyẹn sì ni ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì.

Àwọn tó ń yin síìmù olóṣù kan kì í sábà sọ èyí: sísan owó rẹ̀ déédéé kì í sábà wọ inú ìwé ìtàn ìyáwó yín. Àdéhùn olóṣù 12 tàbí 24 máa ń wọ̀ ọ́, ẹni tó sì ń gbèrò láti yá owó ra ilé lẹ́yìn ọdún mélòó kan nílò kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lákọsílẹ̀. Kò pọn dandan kí ó tìtorí ẹ̀ mú fóònù olówó ńlá. Àdéhùn síìmù nìkan ní Tesco Mobile tàbí lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ńlá ti tó. Ní ti fóònù, láti oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni Ofcom ti fòfin dè é pé kí nẹ́tíwọ̀kì máa ta fóònù tí wọ́n ti tì mọ́ síìmù tiwọn, nítorí náà kò sí ohun tó ń di ẹni tó ra fóònù lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́ láti fi síìmù alágbàtà sí i tí àdéhùn bá parí.

Ìpè sí Nàìjíríà

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi owó ṣòfò, nítorí wọ́n ń ra ohun tí wọn kò nílò, tàbí wọ́n ń ra ohun tí kò ní Nàìjíríà nínú. Ẹni tí gbogbo ẹbí rẹ̀ nílé ń lo WhatsApp kò nílò ìṣẹ́jú ìpè òkèèrè rárá. Ìpè ohùn lórí WhatsApp kì í jẹ ju nǹkan bí 1MB lọ ní ìṣẹ́jú kan, èyí tó túmọ̀ sí pé wákàtí mẹ́wàá lóṣù kò tó 1GB. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá òpó tó mú dáadáa àti dátà tó pọ̀. Lebara àti Lycamobile kò ní àǹfààní pàtàkì kan fún un ju SMARTY lọ.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ fún ọmọbìnrin tó wà ní Dagenham, tí ìyá rẹ̀ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ sì ń lo fóònù kékeré olótọ́ọ̀ṣì. Màmá kò fẹ́ fóònù ńlá. Ó ní bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ kú, iná kì í sì í dúró. Kí ọmọ tó lè rí màmá lórí WhatsApp, ó di ìgbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti ilé-ìwé dé, tí dátà sì wà lórí fóònù tirẹ̀. Ìpè gidi nìkan ló lè dún nínú àpò ìró màmá nígbà tó bá wà lọ́jà. Fún irú ilé báyìí, owó tí nẹ́tíwọ̀kì ńlá ń gbà fún ìpè sí Nàìjíríà tí kò sí nínú àdéhùn lè kọjá £1 ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí àwọn alágbàtà tó dojú kọ òkèèrè ń tà á ní ìwọ̀n pẹ́ńsì, tàbí kí wọ́n dì í pọ̀ mọ́ owó oṣù.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má kàn rí “ìpè òkèèrè” lára páálí kí ẹ sì rò pé Nàìjíríà wà níbẹ̀. Owó tí ilé-iṣẹ́ ìlú òkèèrè gbọ́dọ̀ san kí ìpè rẹ̀ tó wọ Nàìjíríà, èyí tí NCC, àjọ tó ń ṣe àbójútó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ń pinnu, ga ju ti Íńdíà lọ dáadáa. Ìyẹn ló mú kí ó rọrùn fún alágbàtà láti fi Íńdíà sínú owó oṣù ju kí ó fi Nàìjíríà sí i, tí wọ́n bá sì fi í sí i, iye ìṣẹ́jú rẹ̀ lè kéré. Ẹ ka àkọsílẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè náà títí dé ìsàlẹ̀. Ẹ wò ó bóyá fóònù alágbèéká ni wọ́n ń sọ tàbí ti orí tábìlì, nítorí ìdíyelé méjèèjì kì í sábà dọ́gba, ta ló sì kù nílé tó ń lo fóònù orí tábìlì? Ẹ tún wò ó bóyá owó kan wà tí wọ́n ń gbà ní kété tí wọ́n bá gbé ìpè, kí ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí owó bẹ́ẹ̀ lè sọ ìpè kúkúrú tó dà bíi pé ó pọ́ọ́kú di ọ̀wọ́n.

Láàárín Lebara àti Lycamobile, n kò ní fi ẹ̀dínwó ìpè yàn, nítorí iye owó wọn kì í dúró sójú kan, ohun tó sì pọ́ọ́kú lónìí lè yí padà lóṣù tó ń bọ̀. Òpó ni mo máa wò: Vodafone ni ọ̀kan, EE ni èkejì. Èyí tó bá mú nínú ilé yín ni kí ẹ mú.

Nílé náà, irú òwò yìí ti ń gbérí. NCC ti fún àwọn alágbàtà ní ìwé àṣẹ tó pín sí ìpele márùn-ún, nọ́ńbà Vitel Wireless, tó jẹ́ ọ̀kan lára wọn, sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0712. Tí ará ilé bá fi irú nọ́ńbà tuntun bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, ẹ kọ́kọ́ fi ìpè kúkúrú dán an wò kí ẹ mọ̀ bóyá síìmù tibí kà á mọ́ Nàìjíríà nínú owó oṣù yín.

Tí ẹ bá ń lọ sílé ní oṣù Kejìlá

Ọ̀pọ̀ owó oṣù alágbàtà kò dé Nàìjíríà, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá náà sì ń gba owó gọbọi fún dátà tí ẹ bá lò níbẹ̀. Ẹ pa dátà síìmù Bírítéènì kí ẹ tó bọ́ sílẹ̀ ní Murtala Muhammed, kí ẹ sì ra síìmù ibẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ ronú sí ju dátà lọ ni kóòdù tí báńkì máa ń fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà +44 yín nígbà tí ẹ bá fẹ́ san owó. Gbígba àtẹ̀jíṣẹ́ lókè òkun sábà máa ń jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n tí síìmù náà kò bá ṣiṣẹ́ rárá ní Nàìjíríà, kóòdù kò ní wọlé, owó yín yóò sì wà ní báńkì ní London nígbà tí ẹ̀yin wà ní Ìbàdàn tí ẹni tó ń gba owó ní káńtà ń dúró dè yín. Níbí, mo gbọ́dọ̀ gbè sẹ́yìn àwọn tó ni òpó: àdéhùn tí wọ́n ní pẹ̀lú àwọn nẹ́tíwọ̀kì ilẹ̀ òkèèrè sábà máa ń gbòòrò ju ti alágbàtà lọ. Ẹni tó ń lọ sílé lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ rí Nàìjíríà lórí àkọsílẹ̀ alágbàtà rẹ̀ kí ó tó rà á.

Ẹni tó sì fẹ́ padà sílé pátápátá, ṣùgbọ́n tó fẹ́ kí nọ́ńbà Bírítéènì rẹ̀ wà láàyè, kò gbọ́dọ̀ fi síìmù náà sílẹ̀ láìlò ó. giffgaff máa ń gba nọ́ńbà padà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí wọn kò bá lò ó. Gbèdéke ti àwọn mìíràn yàtọ̀.

Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́

giffgaff kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì ní nọ́ńbà tí oníbàárà lè pè kí ó bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Àwọn oníbàárà ló ń dá ara wọn lóhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ilé-iṣẹ́ náà sì ń san èrè fún àwọn tó ń ṣèrànwọ́. SMARTY àti VOXI náà fi púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí sí orí ìkànnì. Ọ̀dọ́ tó ń tẹ fóònù láti àárọ̀ dalẹ́ kò ní rí ìṣòro kankan nínú èyí, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń ra síìmù fún bàbá ẹni ọdún 74 tó wá bá yín gbé, Tesco Mobile dára jù wọ́n lọ, nítorí ó ní káńtà tirẹ̀ nínú àwọn ilé ìtajà Tesco ńláńlá, èèyàn gidi yóò sì gbé fóònù náà lọ́wọ́ bàbá, yóò wò ó. Ẹni tí wọ́n bá jí fóònù rẹ̀ gbé lè wọ ṣọ́ọ̀bù O2 tàbí EE kí ó jáde pẹ̀lú síìmù tuntun lọ́jọ́ náà, nígbà tí ẹni tó wà lọ́dọ̀ alágbàtà tí kò ní ṣọ́ọ̀bù lè ní láti dúró de ìfìwéránṣẹ́, àfi tí fóònù tuntun rẹ̀ bá gba eSIM, ìyẹn síìmù tí wọ́n ń gbé sínú fóònù láti orí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí káàdì.

Àwọn alágbàtà kéékèèké tún lè kógbá sílé. The People's Operator, tí Jimmy Wales olùdásílẹ̀ Wikipedia kópa nínú rẹ̀, parí ní 2019. Tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá kàn yín, ẹ kó nọ́ńbà yín jáde lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ó nira láti gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí kò sí mọ́. Ní ti ẹjọ́ lásán, alágbàtà àti ẹni tó ni òpó wà lábẹ́ òfin kan náà: gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wà nínú ètò ìlàjà tí Ofcom fọwọ́ sí, tí oníbàárà kì í sì í sanwó fún.

Èwo ni kí ẹ mú?

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí ó mú síìmù olóṣù kan lọ́dọ̀ alágbàtà tó wà lórí òpó tó mú jù ní ibi tó wọ̀ sí, kí ó má sì tọwọ́ bọ àdéhùn kankan títí yóò fi mọ ibi tí iṣẹ́ yóò gbé e lọ. Ẹni tí òbí rẹ̀ ń lo fóònù olótọ́ọ̀ṣì, Lebara tàbí Lycamobile. Ẹni tó ń rìnrìn àjò sí Nàìjíríà léraléra nítorí òwò, tí àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì kò sì gbọ́dọ̀ já a kulẹ̀, kí ó dúró sọ́dọ̀ ẹni tó ni òpó, kí ó sì gbà pé owó ìfọ̀kànbalẹ̀ ni òun ń san. Fún ilé tí tọkọtaya àti ọmọ mẹ́ta wà, mo fara mọ́ pípín síìmù sórí òpó méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí òpó kan má baà dákẹ́ kí gbogbo ilé sì dákẹ́. Owó pọ́ọ́kú alágbàtà ló jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe.

Kíkó nọ́ńbà lọ

Láti oṣù Keje ọdún 2019, kò sí ẹni tó nílò láti pe òṣìṣẹ́ kankan láti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Láti orí síìmù àtijọ́, ẹ kọ PAC, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí 65075 lọ́fẹ̀ẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú kan, wọn yóò dá kóòdù kan padà, lẹ́tà mẹ́ta àti nọ́ńbà mẹ́fà, pẹ̀lú iye owó tí ẹ ṣì jẹ bí àdéhùn yín kò bá tíì parí. Ẹ ka iye yẹn dáadáa, nítorí ó lè pọ̀ ju ohun tí ẹ óò rí fi pamọ́ lọ́dọ̀ alágbàtà lọ. Kóòdù náà yóò wà fún ọjọ́ 30. Tí ẹ bá ti fún ilé-iṣẹ́ tuntun ní kóòdù náà, nọ́ńbà yín yóò kọjá ní ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e. Ẹ má ṣe dá àdéhùn àtijọ́ dúró fúnra yín kí nọ́ńbà tó kọjá, nítorí tí síìmù náà bá kú, nọ́ńbà lè bá a lọ. Owó tó bá ṣẹ́ kù lórí síìmù asanwó-kó-o-tó-lò kì í sì í bá nọ́ńbà rìn, nítorí náà ẹ ná an tán kí ẹ tó fún ilé-iṣẹ́ tuntun ní kóòdù náà.